Ẹ gba ìwé ìtanràn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ọgbà yunifásítì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí, tí òbí kan fi ń ráhùn pé òun lọ wo ọmọ òun ní yunifásítì, àti pé kí òun tó jáde ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ti fi irin de táyà ọkọ̀ òun, wọ́n sì ti lẹ ìwé ìtanràn mọ́ gíláàsì iwájú. Ó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àwọn sìkiọ́ríìtì ọgbà mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, pé bí olè bá ń jalè lọ́wọ́, ọkọ̀ olè ni wọn yóò kọ́kọ́ wá ìwé lẹ̀ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ó sì dùn mí díẹ̀, torí iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì nìyẹn. Mo ti lẹ ìwé mọ́ ọkọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ àlejò pàtàkì, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ ọ̀gá tèmi gan-an, ìyẹn kò sì dùn mọ́ ọn nínú rárá. Mo tún ti fi tọ́ọ̀ṣì sin àwọn ọmọ ọlọ́mọ láti ilé ìkàwé dé ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì lóru. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn nítorí ìyẹn.

N kò wá bá òbí náà jà. Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jóòótọ́, kódà ó jóòótọ́ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn gíwá àti ìgbìmọ̀ alákòóso yunifásítì gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀ṣọ́ tí ẹ ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sá tọ̀ lóru, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún lọ́sàn-án. Ẹ gba iṣẹ́ kíkọ ìwé ìtanràn ìgbọ́kọ̀sí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbèjà díẹ̀ nínú òfin ìgbọ́kọ̀sí, torí àwọn kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀mí so mọ́. Ẹ wo ọ̀dà pupa tí wọ́n máa ń fi kun etí ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé ńlá. Wọn kò fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ panápaná ni. Òfin iná tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò ní Amẹ́ríkà ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn mítà mẹ́fà ó lé díẹ̀, láìsí ohunkóhun tó dí i. Àwọn awakọ̀ á ní ṣebí ọkọ̀ panápaná fúnra rẹ̀ kò fẹ̀ tó ìdajì ìyẹn. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn panápaná ní láti ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní láti fa rọ́bà omi jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èyí tó gbé àkàbà gíga sì ní láti na ẹsẹ̀ irin síta lọ́tùn-ún lósì kí àkàbà náà tó lè gòkè láìdojú ọkọ̀ dé. Bí ẹsẹ̀ irin kò bá ráyè, àkàbà kò ní gòkè, ẹni tó wà ní àjà kẹrin yóò sì máa juwọ́ lójú fèrèsé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, agogo iná dún ní ilé ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ̀ kan ti gbábùú lórí ọ̀dà pupa. Wọ́n ti wé gíláàsì rẹ̀ sókè, wọ́n ti tì í pa, wọ́n wá fi bébà kékeré kan síwájú níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i: “Mò ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.” Ẹni tó kọ ọ́ kò sọ ìgbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ panápaná dé, awakọ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó wo àyè tó kù, ó wá wo ojú mi. Àwa ẹ̀ṣọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sá jáde nínú ilé náà bá para pọ̀, a di ìdí ọkọ̀ mú, a ń mì ín sókè sódò, a ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀nà fi là. Ọlọ́run yọ wá, èéfín nǹkan tó jóná lórí tábìlì ìwádìí ni, iná kò tíì ràn. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ ni ẹni tó ni ọkọ̀ jáde láti ilé kejì, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń béèrè ta ló họ ọkọ̀ òun lára. Èmi ni mo kọ ìwé ìtanràn rẹ̀. Bí wọ́n bá jí mi lóru òní, n ó tún un kọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìlà funfun tí wọ́n fà ní ìdábùú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè àwọn akanda ẹ̀dá. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló mọ̀ pé kò yẹ kí àwọn gbọ́kọ̀ sí àyè tó ní àwòrán ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́. (Akẹ́kọ̀ọ́ ló ya àwòrán yẹn, Susanne Koefoed, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ní ọdún 1968. Kò tilẹ̀ ní orí nígbà tó kọ́kọ́ yà á, àwọn tó gbà á lò ló fi róbótó orí lé e.) Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ yìí kan náà á rí àyè onílà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á rò pé àyè òfìfo lásán ni, wọ́n á rọra ki ọkọ̀ kékeré tàbí alùpùpù bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Ibẹ̀ ni pákó irin tí kẹ̀kẹ́ ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ti ń balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ní Amẹ́ríkà fi ní kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ó kéré tán, kí ti ọkọ̀ ńlá sì lè tó mẹ́jọ.

Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jáde ní kíláàsì, tó bá alùpùpù láàárín ìlà yẹn, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó máa ń gbà wọ ọkọ̀. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí itan, ọkọ̀ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò sì lè wọ̀ ọ́. Kò pariwo. Ó ní ó ti mọ́ òun lára. Nígbà tí alálùpùpù dé, ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó, n kò kúkú gbé e sí àyè wọn, ẹ̀gbẹ́ ni mo gbé e sí.” Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀.

Àwọn òfin tí mò ń gbèjà nìwọ̀nyí: ọ̀nà panápaná, ọ̀nà áńbúláǹsì, àyè akanda ẹ̀dá àti ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnu ibi tí omi panápaná ti ń jáde, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá. Ẹni tó bá rú u, kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ ẹ bá mi ka ìwé ìtanràn tí wọ́n ń lẹ̀ lójúmọ́ ní ọgbà yunifásítì, ẹ óò rí i pé díẹ̀ ni ti ọ̀dà pupa. Èyí tó pọ̀ jù ni: sítíkà rẹ, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ti kọjá ọjọ́, sítíkà rẹ kò hàn dáadáa, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ o sì gbọ́kọ̀ sí àyè olùkọ́, táyà rẹ tẹ ìlà, ìdí lo fi wọlé dípò imú. Ìwọ̀nyí kò pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ pé ta ló ni àyè ni, àti ọ̀rọ̀ owó.

Owó ọ̀hún gan-an ní kọ́lọ́fín tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń ta sítíkà ju iye àyè tí wọ́n ní lọ, wọn kì í sì í fi pamọ́ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣirò wọn ni pé gbogbo ènìyàn kò lè wá lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni ní ọjọ́ tí nǹkan bá fúyẹ́. Ẹ wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò kí ẹ wá wo ìṣirò. Ọmọ tó ti sanwó sítíkà á máa yí pápá ká, á máa wo aago, ìdánwò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní ìkẹyìn á kó ọkọ̀ sórí koríko, á sì sáré wọlé. Yunifásítì ta ẹ̀tọ́ láti wá àyè fún un, kò ta àyè fún un. Ìgbà tó bá jáde, ìwé wà lórí gíláàsì. Ọ́fíìsì tó gba owó sítíkà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ló tún ń gba owó ìtanràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Shoup, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ ìgbọ́kọ̀sí nìkan, sọ ọ́ títí tó fi kú ní 2025 pé kí wọ́n ṣètò owó àyè bó ṣe jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 yóò máa ṣófo nígbà gbogbo, kí ẹni tó bá dé lè rí ibi kan wọ̀ láìyípo. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ wa mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń yípo yẹn ló ń gbá ẹlẹ́sẹ̀. Awakọ̀ tó ń wá àyè kì í wo ọ̀nà, àyè ló ń wò.

Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ nìkan ló ń ráhùn o, àwọn olùkọ́ náà ń ráhùn. Clark Kerr, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì California, fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ní 1963 pé ohun tó so àwọn olùkọ́ yunifásítì pọ̀ kò ju ẹ̀hónú kan náà lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ. Ní Berkeley, ọ̀kan nínú ọgbà yunifásítì yẹn kan náà, àyè ìgbọ́kọ̀sí wà tí wọ́n kọ NL sí, àwọn tó ti gba ẹ̀bùn Nobel ló wà fún. Mo fẹ́ràn ètò yẹn, ó ṣe kedere. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, gbogbo olórí ẹ̀ka ló ń ṣe bí ẹni tó ti gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí kò hàn sí ẹni tó wà lóde. Ní ọ́fíìsì wa, pátákó kan wà lára ògiri tí ọ̀gá máa ń kọ orúkọ wa sí. Ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, iye ìwé ìtanràn tó kọ láàárín oṣù ló máa ń wà. Wọn kò sọ ọ́ lẹ́nu pé ó ní iye tí a gbọ́dọ̀ kọ. Wọn kò ní láti sọ ọ́. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá kéré, ojú á gbà á tì, wọ́n á sì bi í léèrè níwájú àwọn yòókù pé ibo ló sùn sí. Kò sí àyè kankan lórí pátákó yẹn fún iye ọmọ tí o sìn dé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kò sí àyè fún iná ojú ọ̀nà tó kú tí o fi sùn. Kò sí fún ìṣẹ́jú mélòó ló gbà ọ́ kí o tó dé ibi tí wọ́n ti pè ọ́. Mo ní ẹlẹgbẹ́ kan tó mọ gbogbo ilẹ̀kùn tí kò tì dáadáa nínú ọgbà, tí àwọn ọmọ ń fi orúkọ pè, òun ló máa ń wà nísàlẹ̀ pátákó ní gbogbo oṣù. Ẹni tó wà lókè máa ń lo òwúrọ̀ rẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn akẹ́kọ̀ọ́, torí ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn kì í ti í rántí lẹ sítíkà.

Èso rẹ̀ nìyí. Mò ń ṣe ṣíìfù òru, mò ń rìn kọjá lẹ́yìn àwọn láàbù, níbi ìgbọ́kọ̀sí kan tí iná rẹ̀ ti kú. Mo rí i tí iná fóònù ń tàn nínú ọkọ̀ kan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì mi sílẹ̀ kí n má baà dẹ́rù ba ẹni tó wà níbẹ̀, mo sì kígbe pé ẹ̀ṣọ́ ọgbà ni mí. Ọmọbìnrin kan ni. Táyà rẹ̀ kan ti fọ́. Ó ti tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó ń retí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí yóò ti òdì kejì ìlú wá. Bó ṣe rí aṣọ iṣẹ́ lára mi ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó wé gíláàsì sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ mí. Ọ̀la ni n ó lọ sanwó sítíkà.”

Mo ní, “Ọmọ mi, ta ló ń bi ọ́ ní sítíkà? Kí ló dé tí o ò pè wá?”

Ó ní ṣé kí òun fẹnu òun pe àwọn tó máa kọ òun ni.

Mo dúró níbẹ̀ títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dé, a jọ pààrọ̀ táyà náà. Nọ́ńbà wa wà lẹ́yìn káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà. Ó mọ̀ pé a máa ń sin ènìyàn dé ilé. Ó mọ̀ pé a ní jáàkì, pé a ní wáyà tí a fi ń jí bátìrì tó kú. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀, ó sì yan òkùnkùn. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ká dá lẹ́bi nínú ìyẹn? Èmi ò lè dá a lẹ́bi. Bí mo bá jẹ́ òun, tí mo ti gba ìwé méjì láàárín sáà kan lọ́wọ́ ẹni tó wọ irú aṣọ yẹn, n kò ní pè é.

Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ní yunifásítì Yale, ní 1894, tí wọ́n kọ́kọ́ ní ọlọ́pàá ọgbà ní Amẹ́ríkà, ìjà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́pàá ìlú ló fà á. Wọ́n mú ọlọ́pàá méjì láti inú ìlú New Haven, wọ́n ní kí wọ́n wà nínú ọgbà, kí àwọn ọmọ mọ̀ wọ́n, kí àwọn náà mọ àwọn ọmọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, ọkọ̀ kò tíì gbòde nígbà náà. Ní Oxford, òfin ọdún 1825 ló fún yunifásítì láṣẹ láti ní ọlọ́pàá tirẹ̀, àwọn ọkùnrin tí wọ́n máa ń dé fìlà róbótó dúdú, títí wọ́n fi tú wọn ká ní 2003. Nígbà tí ọkọ̀ wá pọ̀ nínú ọgbà, wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n rí ẹnì kan tó ti wọ aṣọ iṣẹ́, tó sì ń rìn káàkiri, wọ́n ní kó kúkú máa wo ti ọkọ̀ náà. Bí ẹrù kejì ṣe gun orí wa nìyẹn, kò sẹ́ni tó jókòó rò ó.

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí wọ́n máa kà sí pátákó, àpẹẹrẹ wà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1986, wọ́n pa Jeanne Clery, ọmọ ọdún 19, sínú yàrá rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì Yunifásítì Lehigh ní Pennsylvania. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ló pa á. Àwọn ilẹ̀kùn tó yẹ kó máa ti ara wọn pa ni apànìyàn náà gbà wọlé, torí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti fi nǹkan há wọn kí wọ́n má baà tì. Lẹ́yìn ikú ọmọ wọn ni àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ìwà ipá ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà náà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn tó fẹ́ mú ọmọ wá. Wọn kò jókòó sunkún lásán. Wọ́n jà títí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe òfin ní 1990, tó wá ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà títí dòní. Òfin yẹn sọ ọ́ di dandan fún yunifásítì kí wọ́n máa gbé ìròyìn jáde lọ́dọọdún, kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá: irú ọ̀ràn tí wọ́n dá nínú ọgbà, iye ìgbà, ibi tí wọ́n ti dá a. Ó tún ní kí wọ́n máa kìlọ̀ fún gbogbo ọgbà kíákíá bí ewu bá ń bọ̀.

Ìkìlọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní Virginia Tech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2007, aago méje kọjá ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀ ni ìbọn kọ́kọ́ dún ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó sì di aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 26 kí lẹ́tà ìkìlọ̀ tó dé orí kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni apànìyàn náà wọ ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ọgbà náà. Ènìyàn 32 ló pa lápapọ̀. Ẹ wá gbogbo ohun tí òfin Clery ní kí yunifásítì máa kà, ẹ kò ní rí ìwé ìtanràn ìgbọ́kọ̀sí níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá yóò sọ. Wọ́n á ní bí ẹ̀ṣọ́ kò bá kọ ìwé, àwọn awakọ̀ á gbọ́kọ̀ dé orí pèpéle. Ta ló ní kí wọ́n má kọ ọ́? Ọ́fíìsì ìgbọ́kọ̀sí ni kó máa kọ ọ́. Kí wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn, kí wọ́n wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹ̀ṣọ́, kí ọkọ̀ wọn náà yàtọ̀, kí nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ọ̀run ò wó. Kódà kámẹ́rà wà báyìí tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní láti tẹ̀ wo sítíkà lójú gíláàsì mọ́. (Kí wọ́n sáà sọ fún àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa fi àkọsílẹ̀ yẹn pamọ́ pẹ́ tó, torí ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ mọ ibi tí ọkọ̀ ọmọ kan wà ní gbogbo alẹ́.) Ohun tí mo fẹ́ kó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ni agbára láti wọ́ ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà panápaná, ọ̀nà áńbúláǹsì àti àyè akanda ẹ̀dá. Kó má gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Kí owó ìtanràn má sì wọ àpò ọ́fíìsì ààbò rárá, torí ọ́fíìsì tí ìtanràn ń bọ́ kò ní fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ tán.

Kí wọ́n wá nu pátákó yẹn, kí wọ́n kọ nǹkan mìíràn sí i. Kí wọ́n kọ iye ọmọ tí a sìn dé ilé. Kí wọ́n kọ iye iná tó kú lánàá àti iye tó tàn lónìí. Iná nìkan yóò ṣe ju ohun tí wọ́n rò lọ. Ẹ̀ṣọ́ tó bá mọ̀ pé wọn yóò ka iná tó kú fún òun gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, yóò máa gbójú sókè lóru. Bí mo ṣe bá a, imú ọkọ̀ ni gbogbo wa ń wò.

Àwọn òpó tẹlifóònù tó ní iná búlúù lórí náà ńkọ́, èyí tí ẹni tó bá wà nínú ewu lè tẹ̀ láti pe ẹ̀ṣọ́? Mo gbọ́ pé àwọn yunifásítì kan ti ń hú wọn, wọ́n ní gbogbo ọmọ ló ní fóònù lápò. Ẹni tó bá ti jókòó ní yàrá ìpè mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ á pè láti inú fóònù rẹ̀, ẹ̀rù á ti bà á, a ó bi í pé ibo lo wà, á ní òun wà lẹ́yìn ilé ńlá kan, igi kan wà níbẹ̀. Òpó kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, yàrá ìpè ti mọ òpó tó jẹ́, àní bí o kò bá tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Bátìrì òpó kì í sì í kú nítorí pé o wo fíìmù lọ́sàn-án. Kí wọ́n má hú wọn o, kí wọ́n máa dán wọn wò ni.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ìyẹn ni ti ẹjọ́. Níbi púpọ̀, ọ́fíìsì tó kọ ìwé fún ọ náà ni yóò gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ. Mo ti jókòó sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ rí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ìwé náà. Ọ̀gá mi ni adájọ́. A jọ mu omi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó pẹjọ́ rí wa níbi tí a ti ń rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ sọ púpọ̀ nígbà tó wọlé. Kí wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ sínú ìgbìmọ̀ yẹn, kí wọ́n fi olùkọ́ sí i, kí wọ́n yọ ọ́fíìsì tó ń gba owó kúrò.

Ní ti òbí tó kọ lẹ́tà sí yín: bó bá jẹ́ orí ọ̀dà pupa tàbí inú ìlà akanda ẹ̀dá ni ẹ gbọ́kọ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sanwó náà, ẹ má bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ kò gba sítíkà àlejò ni, ẹ yí ìwé yẹn sẹ́yìn. Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi máa ń kọ iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ náà kì í sì í pọ̀. Ẹ padà síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ibi tí ọkọ̀ wà àti ti ẹnu géètì tí ẹ gbà wọlé, kí ó hàn bóyá àmì kankan wà tó ní kí àlejò lọ gba sítíkà. Kí ẹ sì bi wọ́n nínú ìwé ẹjọ́ yín pé àwọn wo gan-an ni yóò jókòó gbọ́ ọ, àti pé àpò wo ni owó náà ń lọ.

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀ṣọ́ ọgbà yunifásítì kan tó ti fẹ̀yìn tì